Kí AI tó wọ ọ́fíìsì, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí fọ́ọ̀mù wà

Bí èèyàn bá dúró ní Tanke, ní Ìlọrin, tó ní òun ń wá dátà, ẹni tó ń ta káàdì ló máa dá a lóhùn, á sì bi í pé gìgá mélòó ló fẹ́. Nítorí náà "ìsọfúnni ara ẹni" ni n ó máa pè é níbí: orúkọ, nọ́ńbà fóònù, BVN, NIN, fọ́tò, àdírẹ́sì, ohunkóhun tí a lè fi mọ̀ pé Lágbájá gan-an ni, kì í ṣe Tẹ̀mẹ̀dù. Ẹ̀yin lọ́yà tí ẹ ń gba owó oṣù lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún, ì báà jẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá lọ́nà Asa Dam, báńkì kékeré ní Ọ̀ffà, ilé ìwòsàn aládàáni ní GRA tàbí yunifásítì ní ìhà Òmù-Àrán.

Ìbéèrè tó wà lẹ́nu gbogbo wa báyìí ni pé, kí la máa kọ sínú òfin AI ilé iṣẹ́, ìyẹn òfin tó ń sọ bí òṣìṣẹ́ ṣe lè lo ẹ̀rọ bíi ChatGPT? Ọ̀pọ̀ ti kọ tiwọn tán. Wọ́n lọ mú ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ fún kọ́ńpìnì kan ní London, wọ́n yọ orúkọ ibẹ̀, wọ́n fi tiwọn sí i, bọ́ọ̀dù buwọ́ lù ú, ó di inú dúrọ́ọ̀. Òrùlé ni wọ́n kọ́kọ́ kàn, ògiri ò tíì dúró. Kò sí òfin AI tó lè dáàbò bo ìsọfúnni tí lọ́yà ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ kò mọ ibi tó wà.

Ẹ jẹ́ ká mú fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo, ká tẹ̀ lé e. Fọ́ọ̀mù ìyáwó báńkì microfinance ni, ojú ìwé méjì: orúkọ, ọjọ́ ìbí, ọmọ mélòó, ẹ̀sìn, ibi tí ṣọ́ọ̀bù wà, BVN, NIN, oníduró méjì pẹ̀lú nọ́ńbà wọn àti ibi iṣẹ́ wọn, pásípọ́ọ̀tù mẹ́ta, ìtẹ̀ka nísàlẹ̀ fún ẹni tí kò lè buwọ́ lùwé. Òṣìṣẹ́ tó ń rìn káàkiri ọjà Ìpàtà ló bá oníbàárà kọ ọ́. Ó fi fóònù ara rẹ̀ ya á, ó jù ú sórí WhatsApp àwọn tó ń yáni lówó. Èèyàn mẹ́tàlélógún ló wà níbẹ̀. Méjì nínú wọn ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti ọdún tó kọjá, kò sẹ́ni tó rántí yọ wọ́n. Fóònù rẹ̀ tún ń da gbogbo fọ́tò sí Google Drive tirẹ̀ lálaalẹ́. Ní ọ́fíìsì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú sọ́fítíwia tí sáfà rẹ̀ wà lókè òkun. Akáúǹtáǹtì ní ẹ̀dà tirẹ̀ nínú Excel lórí láàpútọ́ọ̀pù. Bébà fúnra rẹ̀ wọ kọ́bọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin kọ́bọ́ọ̀dù kún, wọ́n kó ti ìsàlẹ̀ sínú páálí, wọ́n gbé páálí sábẹ́ àtẹ̀gùn, ẹni tó ń gbálẹ̀ sì tà á fún àwọn tó ń fi bébà di ẹ̀pà. Bí BVN èèyàn ṣe ń dé ọjà nìyẹn, tí kò sí gbájúẹ̀ kankan tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà.

A ò tíì dárúkọ AI, wàhálà sì ti pọ̀. Ẹ wo òpó ẹ̀sìn yẹn. Òfin Ààbò Ìsọfúnni tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 2023 ka ẹ̀sìn mọ́ ìsọfúnni ẹlẹgẹ́, òun àti ìlera, ẹ̀yà, ọ̀rọ̀ òṣèlú, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti ohun ara tí a fi ń dá èèyàn mọ̀. Abala 30 sì há ọ̀nà tí a lè gbà lò wọ́n mọ́ra gan-an. Kí ni báńkì fẹ́ fi ẹ̀sìn ṣe? Ẹ̀sìn kì í san gbèsè. Inú fọ́ọ̀mù àtijọ́ ni wọ́n ti dà á kọ, ẹ yọ ọ́. Ti oníduró tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n gba nọ́ńbà rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kò sẹ́ni tó sọ ohun tí wọ́n máa fi ṣe fún un, ọjọ́ tí onígbèsè bá sá ló máa kọ́kọ́ gbọ́. Ìlà mẹ́ta lórí SMS tó fún un, lọ́jọ́ tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gan-an: ta la jẹ́, ta ló fún wa ní nọ́ńbà yín, kí la máa fi ṣe.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ gbogbo ibi tí fọ́ọ̀mù ń gbà, ẹ má fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Ohun tí wọ́n rò pé ẹ fẹ́ gbọ́ ni wọ́n máa kọ sí i. Ẹ lọ jókòó ti ọ̀gá HR, akáúǹtáǹtì àti ọmọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ẹ ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan mú bébà kan ṣoṣo wá, kí ó sì mú yín dé gbogbo ibi tó ń gbà títí tó fi kú. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí sínú àtẹ kan. Òpó mẹ́jọ ló tó: kí la gbà, lọ́wọ́ ta ni, kí la fẹ́ fi ṣe, ìdí wo nínú òfin ló fún wa láṣẹ, ibo ló wà, ta ló lè ṣí i, ta là ń fún níta, ìgbà wo la máa pa á rẹ́ àti báwo. Fọ́ọ̀mù mẹ́wàá tí ilé iṣẹ́ ń lò jù ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Òpó kẹrin ni àwa lọ́yà ti máa ń kọsẹ̀. Abala 25 Òfin Ààbò Ìsọfúnni ka ìdí mẹ́fà: ìyọ̀ǹda, àdéhùn, ohun tí òfin pa láṣẹ, dídáàbò bo ẹ̀mí, iṣẹ́ ìlú, àti àǹfààní ilé iṣẹ́ tó bófin mu. Àwa á kàn kọ "ìyọ̀ǹda" wálẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òṣìṣẹ́ wo ló máa sọ fún ẹni tó ń san owó oṣù rẹ̀ pé òun ò yọ̀ǹda? PAYE (owó orí tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù) àti owó ìfẹ̀yìntì, òfin ló ní ká gba ìsọfúnni rẹ̀. Owó oṣù, àdéhùn iṣẹ́ ni. Ìyọ̀ǹda sì ní ìdà lẹ́yìn: abala 35 ní ẹni tó fúnni lè gbà á padà nígbàkígbà. Bí òṣìṣẹ́ bá gbà á padà lọ́jọ́ Ajé, ṣé ẹ ò ní san owó oṣù mọ́ ni?

Nípa owó ìtanràn, ẹ ṣe ìṣirò fún àwọn ọ̀gá yín, torí ₦10,000,000 tí wọ́n ń gbọ́ kì í ṣe òpin. Fún ilé iṣẹ́ tí òfin kà sí pàtàkì, ohun tó bá pọ̀ jù nínú ₦10,000,000 àti ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé lọ́dún tó kọjá ni abala 48 sọ. Ilé iṣẹ́ tó pa ₦500,000,000, méjèèjì dọ́gba. Èyí tó pa bílíọ̀nù mẹ́ta, ₦60,000,000 ni. Owó tó wọlé ni wọ́n ń sọ o, kì í ṣe èrè. Àjọ NDPC, tó ń mójú tó òfin yìí, ń béèrè pé kí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ìtọ́sọ́nà wọn tí à ń pè ní GAID, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án 2025 sì ti gba ipò ìlànà 2019, NDPR, tí ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn wa ṣì ń dárúkọ. Ẹ wá "NDPR" nínú àwọn àdéhùn yín, ẹ ó rí i.

Ó wá kan AI. Ẹni tó ń gba gbèsè fẹ́ kọ lẹ́tà ìránnilétí sí oníbàárà 3,400. Ó mú Excel akáúǹtáǹtì, orúkọ, nọ́ńbà, iye gbèsè, BVN, gbogbo rẹ̀, ó dà á sínú AI ọ̀fẹ́ tó fi Gmail ara rẹ̀ ṣí. Lẹ́tà náà dára, ó sì parí kí ìrun àsárì tó tó. Ohun tó ṣe lójú òfin rèé: ó kó ìsọfúnni jáde kúrò ní Nàìjíríà láìbojú wo abala 41 sí 43, ó gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn láìsí àdéhùn tí abala 29 béèrè, bí oníbàárà bá sì wá ní kí a pa tòun rẹ́, ilé iṣẹ́ kò ní ọ̀nà láti dé ibi tó wà, torí inú àkáǹtì òṣìṣẹ́ ló wà.

Ohun tó sì dunni ni pé kò nílò orúkọ kankan. AI kò ní láti mọ Àlàájà tó ń ta ìrẹsì kí ó tó mọ bí a ṣe ń kọ lẹ́tà. Kí ó ní kí ẹ̀rọ kọ lẹ́tà kan ṣoṣo tó ní àlàfo: ORÚKỌ, IYE GBÈSÈ, ỌJỌ́. Lẹ́yìn náà kí ó fi "mail merge" inú Word kó orúkọ inú Excel sí àlàfo wọ̀nyẹn lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. Bí mail merge bá ti mọ́ òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, iṣẹ́ tó kù kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹ kọ́ wọn ní èyí kí ẹ tó kọ òfin tó ní "a kò gbọdọ̀ lo AI", torí òfin yẹn kò ní dá ẹnikẹ́ni dúró. Fóònù ara wọn ni wọ́n máa bọ́ sí.

Yíyọ orúkọ náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Bí ẹ bá yọ orúkọ, tí ẹ wá fi "ìyá ìbejì tó ń ta epo níwájú ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Òrò" sílẹ̀, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Excel a máa ní òpó tí wọ́n fi pa mọ́, tó ṣì wà níbẹ̀ digbí. Word a máa gbé kọ́méǹtì àti ohun tí wọ́n ti fagi lé kiri. Àpótí dúdú tí wọ́n fi bo ọ̀rọ̀ lórí PDF, ẹ fi máòsì ya abẹ́ rẹ̀, ẹ kọ́pì, ọ̀rọ̀ á jáde. PDF tó bá máa jáde síta, ẹ kọ́pì ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sínú Notepad, kí ẹ wo ohun tó bá a jáde.

Ẹ má sì fọkàn tán "delete". Ní oṣù karùn-ún 2025, ilé ẹjọ́ kan ní New York pàṣẹ fún OpenAI, tó ni ChatGPT, nínú ẹjọ́ òun àti ìwé ìròyìn New York Times, pé kí ó tọ́jú ọ̀rọ̀ tó yẹ kó ti parẹ́, títí kan èyí tí àwọn oníbàárà rẹ̀ fúnra wọn ti pa rẹ́. Oṣù kẹsàn-án ni àṣẹ náà tó dópin. Àkáǹtì ilé iṣẹ́ ńlá bọ́ nínú rẹ̀; ti gbogbogbòò kò bọ́. Ẹ fi èyí ṣàlàyé fún MD tó bá ń béèrè ìdí tí a fi ní láti sanwó nígbà tí ọ̀fẹ́ wà.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ẹ̀rọ tó ń wọlé ìpàdé orí Zoom tàbí Teams láti gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó máa ń wọlé bí àlejò kan láàárín àwọn èèyàn. Ó ń gba gbogbo ọ̀rọ̀, ó ń kó o jọ, bí ìpàdé bá tán, ó lè fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìkésíni, títí kan aṣojú ilé iṣẹ́ kejì tó ti jáde lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ tí lọ́yà àti ọ̀gá bá sọ lẹ́yìn tó lọ ni abala 192 Òfin Ẹ̀rí 2011 fẹ́ dáàbò bò, bí ó bá fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ti fọwọ́ ara yín gbé e fún ẹni tí ẹ ń bá ṣẹjọ́.

Bí kò tilẹ̀ tú síta, kò gbọ́ wa. Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì la máa ń pò mọ́ra nípàdé. Ọ̀gá ní, "A ó san án," ìyẹn ni pé owó náà ń bọ̀. Bí ó bá sọ pé, "A ò san án," ó ti jẹ́wọ́ pé wọn ò sanwó nìyẹn. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ lórí lẹ́tà kan ṣoṣo ló yà wọ́n. Ẹ̀rọ kọ "a o san an" fún méjèèjì, lẹ́yìn náà ó túmọ̀ rẹ̀ sí èyí tó wù ú, ó sì kọ àkókò àti orúkọ ẹni tó sọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, lọ́yà kejì á ní kí ẹ kó gbogbo àkọsílẹ̀ ìpàdé wá. Kí ẹni tó ń darí ìpàdé yọ ẹ̀rọ náà kí ọ̀rọ̀ òfin tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì sọ ọ́ jáde pé òun ti yọ ọ́. Mínítì tí akọ̀wé kọ, tí wọ́n buwọ́ lù, ni àkọsílẹ̀ ìpàdé. Bí ẹ bá gba ohùn sílẹ̀ láti fi kọ mínítì, kí òfin yín sọ pé ẹ máa pa á rẹ́ lọ́jọ́ tí mínítì bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ti ẹjọ́ àròsọ kò yẹ kó tún gba àkókò wa. Oṣù kẹfà 2023 ni adájọ́ kan ní New York bu $5,000 lé àwọn lọ́yà kan lórí nínú ẹjọ́ Mata àti Avianca, torí ẹjọ́ tí ChatGPT hùmọ̀ ni wọ́n kó lọ síwájú rẹ̀. Ẹ̀rọ mọ bí ìtọ́kasí NWLR (ìwé tí wọ́n ń kó ìdájọ́ ilé ẹjọ́ Nàìjíríà jọ sí) ṣe ń rí, ọdún, apá, ojú ìwé. Kò túmọ̀ sí pé ẹjọ́ náà wà. Ẹ ṣí ìwé náà.

Bí báńkì tàbí ilé ìwé yín bá ń fi ẹ̀rọ pinnu ẹni tó máa yá owó tàbí ẹni tó máa wọlé, abala 37 Òfin Ààbò Ìsọfúnni ni kí ẹ kà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ní ẹ̀tọ́ kí ó má jẹ́ ẹ̀rọ nìkan ló dá ẹjọ́ rẹ̀. Àwọn ibi tí òfin ti yọ̀ǹda rẹ̀ wà, bíi àdéhùn àti ìyọ̀ǹda, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ lè rí èèyàn bá sọ̀rọ̀, kí ó sì lè tako ìpinnu náà. Ìdánwò tèmi rọrùn: ẹ lọ bá òṣìṣẹ́ tí wọ́n ní ó ń "yẹ̀ ẹ́ wò", ẹ bi í pé ìgbà wo ló yí ohun tí ẹ̀rọ sọ padà kẹ́yìn, bọ́tìnnì wo ló tẹ̀. Bí kò bá sí bọ́tìnnì, kò sí èèyàn níbẹ̀.

Bí àṣírí bá wá tú, wákàtí 72 ni abala 40 fún yín láti sọ fún NDPC, bí ó bá ṣeé ṣe kó pa àwọn èèyàn lára. Bí ewu náà bá pọ̀, àwọn tó kàn gan-an gbọ́dọ̀ gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Ká ní wọ́n gbé láàpútọ́ọ̀pù nínú mọ́tò nítòsí Post Office lọ́jọ́ Jímọ̀, aago kan kù ogún ìṣẹ́jú, tí gbogbo èèyàn ń sáré lọ kírun. Ojú ti òṣìṣẹ́ náà, ó dákẹ́. Ọjọ́ Ajé, aago mọ́kànlá, ló tó sọ. Ẹni tó bá ka àkókò láti ìgbà tí òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ mọ̀ máa sọ pé wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú ló kù fún yín. Ẹ kọ ọ́ sínú òfin yín pé ẹni tó bá tètè sọ kò ní jìyà pé ó sọ ọ́. Ìwé ìfitónilétí tí ẹ máa fi ránṣẹ́ sí NDPC, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú pẹ̀lú àlàfo: kí ló ṣẹlẹ̀, irú èèyàn wo, bí ẹni mélòó, irú ìsọfúnni wo, kí la ti ṣe, ta ni kí wọ́n pè. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, torí ó lè jẹ́ inú láàpútọ́ọ̀pù tí wọ́n gbé lọ ló wà. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tún ṣe ní 2024 náà ní wákàtí 72 tirẹ̀, ọ̀dọ̀ ngCERT, ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó ìkọlù orí kọ̀ǹpútà, ni ti ìyẹn ń lọ bí wọ́n bá kọlu kọ̀ǹpútà tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín. Ọ̀kan kò dípò ìkejì.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ lọ́jọ́ yẹn ni bóyá BitLocker tàbí irú rẹ̀, ohun tó ń ti inú kọ̀ǹpútà pa tí olè kò fi lè kà á, wà lórí láàpútọ́ọ̀pù náà. Bí ó bá wà, tí ọ̀rọ̀ ìṣíde kò sì lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ lórí bébà (ẹ má rẹ́rìn-ín), ewu ti dín kù púpọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n wọ kọ̀ǹpútà yín ni, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ má pa á, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́mátì rẹ̀. Ẹ̀rí tó wà nínú rẹ̀ lẹ máa nílò, abala 84 Òfin Ẹ̀rí sì ń béèrè ìwé ẹ̀rí nípa kọ̀ǹpútà tó mú un jáde.

Páálí abẹ́ àtẹ̀gùn ńkọ́? CAMA 2020, òfin tó ń darí àwọn ilé iṣẹ́, ní kí a tọ́jú ìwé owó ilé iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà. Òfin tó lòdì sí fífọ owó, ti 2022, ní ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí báńkì àti oníbàárà bá ti pínyà. Ẹ kọ ọdún tí páálí máa kú sí ara rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ dì í. CV ẹni tí ẹ kò gbà síṣẹ́, oṣù mẹ́fà tó lójú tèmi. Ṣùgbọ́n bí òórùn ẹjọ́ bá ti ń rùn, ẹ dá gbogbo ìparẹ́ dúró ní kíkọ sílẹ̀, kí ẹ sì yẹ WhatsApp àwọn ọ̀gá wò: ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ṣètò pé kó máa parẹ́ lẹ́yìn wákàtí 24, ọjọ́ 7 tàbí 90 kò mọ̀ pé ẹjọ́ ń bọ̀.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ tún gba iṣẹ́ DPO, ẹni tó ń ṣọ́ ààbò ìsọfúnni nílé iṣẹ́, mọ́ ti lọ́yà, ẹ ronú dáadáa. Ẹni tó fọwọ́ sí àdéhùn sọ́fítíwia náà kọ́ ló yẹ kó máa ṣọ́ ọ. Òfin gbà kí a háyà ẹni ìta fún un.

Ohun kan wà tí ẹ lè ṣe lọ́la, tí kò ná ju ẹgbẹ̀rún náírà mélòó kan lọ. Ẹ lọ sí géètì. Ìwé àlejò wà lórí tábìlì máìgádì: orúkọ, nọ́ńbà fóònù, ibi tó ti wá, ẹni tó fẹ́ rí. Ẹni tó bá dé aago mẹ́wàá á ka nọ́ńbà gbogbo ẹni tó ti dé láti aago méje, ọmọbìnrin tó wá fún ìbéèrè iṣẹ́ á sì máa rí ìpè ẹni tí kò mọ̀ rí lálẹ́. Ẹ gbé ìwé náà kúrò. Ẹ fi bébà pélébé síbẹ̀, ọ̀kan fún àlejò kan, kí ó kọ ọ́, kí ó jù ú sínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́, kí ẹ máa já a sí wẹ́wẹ́ lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́.